Bí Mọrádékẹ́ Aláró Ṣe Di Olósùn

"Ẹ ki ọwọ́ òsì yín bọ inú ihò yìí, ìyá," ni ẹ̀rọ ẹnubodè wí. "Ẹ fara balẹ̀. Kò ní dùn yín."

Mọrádékẹ́ Olájùyìn kò ki ọwọ́ bọ ibì kankan. Ó dúró síwájú irin gíga tó dí afárá náà láti etí kan dé èkejì, ó ń wo odò Ohio nísàlẹ̀ bó ṣe ń wọ́ lọ, omi rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. Ní òdìkejì odò, ó ń rí ilé ìwòsàn tí bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Ilé náà sún mọ́ tòsí débi pé ó ń rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lójú fèrèsé. Ọmọdé tó bá mọ òkò jù dáadáa, òkò rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ara ògiri rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún tí wọ́n ti gbé irin yìí kalẹ̀, Mọrádékẹ́ kò tíì fojú kan bàbá tó bí i.

"Tí mo bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́," ó bi ẹ̀rọ náà, "ṣé mo lè padà sílé lọ́la?"

"Rárá, ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lófin gbà kí èèyàn pààrọ̀ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ láyé. Tí aró yín bá ti di osùn lónìí, osùn náà ló máa wà lọ́wọ́ yín títí lọ. Ṣé kí n tún un sọ?"

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú."

Ohùn ẹ̀rọ náà dùn létí. Yorùbá ló ń sọ, nítorí pé èdè ìyá oníkálukú ni wọ́n kọ́ ọ láti máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ ìkíni ju ìyàwó tuntun lọ, kì í sì í bínú. Ohun tó ń bí Mọrádékẹ́ nínú gan-an nìyẹn. Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn bí ẹ̀rọ náà bá gbó mọ́ ọn bí ajá ju kó máa pè é ní ìyá lọ.

Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ń tàn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Orúkọ gígùn gígùn ni ìjọba fún ìhà méjèèjì tí wọ́n pín Amẹ́ríkà sí, orúkọ tó kún fún òmìnira àti ìgbàlà. Àwọn Yorùbá tó wà ní Sinsináti kò yọ ara wọn lẹ́nu lórí ìyẹn. Wọ́n wo iná tó ń tàn lọ́rùn ọwọ́ èèyàn, wọ́n ní Aláró nìyí, Olósùn nìyẹn, ó sì tán síbẹ̀. Aláró ń gbé àríwá odò, Olósùn ń gbé gúúsù. Ilé ìwé wọn yàtọ̀, ilé ẹjọ́ wọn yàtọ̀, itẹ́ òkú wọn yàtọ̀. Àní búrẹ́dì tí Aláró ń jẹ, orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jọ ti búrẹ́dì Olósùn.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìbídùn ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Mọrádékẹ́ bí, obìnrin gíga tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi ìlú. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé ẹ̀wù òtútù ìyá rẹ̀ kọ́ apá, ó dì í mú gírígírí, bí ẹni pé ìyá náà kò ní lè lọ bí òun kò bá gbé e fún un.

"Ilé wo, Ìbídùn? Dókítà ti ní bàbá mi kò ní pẹ́ kú."

"Bàbá àgbà fúnra wọn ló dìbò fún irin yìí. Wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ní kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ náà."

"Àwa tó wà níhà ìhín náà dìbò fún un. Ìwọ ni o kò tíì tó ẹni tó ń dìbò. A jó lójú títì lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì."

"Mo rántí," Ìbídùn wí. "Ẹ ra áísìkìrímù fún mi."

Mọrádékẹ́ yíjú padà sí ihò náà. Ẹ̀rọ náà dúró, ó ń fi sùúrù dè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni fóònù ti dún. Gbádégẹṣin, àbúrò Mọrádékẹ́, ló pè láti òdìkejì. Ìpè tó bá fẹ́ kọjá odò kì í dédé kọjá. Ẹ̀rọ kan wà láàárín tí wọ́n ń pè ní Asẹ́. Bí obìnrin ṣe ń sẹ́ ògì ló ṣe ń sẹ́ ọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìhà méjèèjì, èèrí ni lójú rẹ̀, á gbà á sílẹ̀, ìyókù á ṣàn kọjá. Nítorí Asẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ tí Mọrádékẹ́ àti bàbá rẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ láti ọdún gbọọrọ kò ju ti òjò, ti ẹ̀fọ́rí àti ti oúnjẹ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Gbádégẹṣin wí, "Dádì ò lè jókòó mọ́. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sáwọn létí. Wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá dé, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. "Mọrá. Mọrá ọmọ mi. Gbọ́. Mo fẹ́ kí o . . . . . . Ṣé o gbọ́?"

"Mi ò gbọ́, Dádì. Ẹ tún un sọ."

"Mo ní . . . . . . Jọ̀wọ́. Jọ̀wọ́, Mọrá."

Mọrádékẹ́ tẹ fóònù mọ́ etí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ rí. Kì í ṣe ẹni tó ń bẹ ọmọ. Ó ní kí Gbádégẹṣin bá òun sọ ohun tí bàbá wí. Gbádégẹṣin sọ ọ́, kò sóhun tó kọjá. Ó pa á lówe, òwe náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì pòórá láàárín. Ó wá fi ẹnà sọ ọ́, irú ẹnà tí wọ́n máa ń fi sọ̀rọ̀ àṣírí níwájú ìyá wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Asẹ́ gbọ́ ẹnà pẹ̀lú. Nígbà tí ó sú Gbádégẹṣin, ó bú sẹ́kún, ẹkún náà sì dé etí Mọrádékẹ́ láìdín kan. Asẹ́ kì í fọwọ́ kan ẹkún.

"Kí n máa bọ̀ ni wọ́n ń wí," Mọrádékẹ́ sọ fún Ìbídùn lórí afárá nísinsìnyí. "Kí ni ìbá tún jẹ́?"

"Ẹ kò mọ̀, Mọ́mì. Ó lè jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń bú yín."

"Bó bá jẹ́ èébú náà ni, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Iṣẹ́ olùkọ́ ni Mọrádékẹ́ ń ṣe. Ìtàn Amẹ́ríkà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga, lọ́dọọdún ni ọmọ kan sì máa ń nawọ́ sókè láti bi í pé ìgbà wo gan-an ni ìpínyà bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ìjọba Aláró fún un sọ pé àwọn Olósùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwé òdìkejì ń sọ nípa Aláró. Ṣùgbọ́n òun tí nǹkan náà ṣojú rẹ̀ mọ̀ pé irin kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ di méjì, kálukú sì ń wo tirẹ̀. Fóònù dé, ó ń gbé ìròyìn tó bá dùn mọ́ oníkálukú nínú wá bá a ní yàrá. Àwọn ọ̀rẹ́ kò ya ilé ara wọn mọ́. Ìpínlẹ̀ kan ṣe òfin lórí oyún inú obìnrin, ìpínlẹ̀ tó bá a pààlà ní ìwà ìkà ni. Èkejì ṣe tirẹ̀, ti àkọ́kọ́ ní ìpànìyàn ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ síbi tí irú wọn pọ̀ sí. Nígbà tó yá, ẹni tí ìbò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á ní wọ́n jí i ni. Ìgbà tí ẹnì kan fi máa dìde pé kí wọ́n gbé irin sójú odò, irin ti wà nínú ọkàn tipẹ́. Alágbẹ̀dẹ kàn wá wọn gígùn rẹ̀ ni.

Nínú ilé Olájùyìn, ìdí tábìlì oúnjẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlá Ọ̀ràngún ni bàbá wọn ti wá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó jẹ lọ́tìrì físà, ó fi takisí wíwà tọ́ ọmọ méjì yanjú, ó sì fẹ́ràn Amẹ́ríkà bí ọkùnrin ṣe ń fẹ́ràn ìyàwó tí wọ́n kò kọ́kọ́ fẹ́ fún un. Kò lè gbà kí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìní ìwé wá bá òun jókòó lórí àga kan náà.

"Èmi tò," ó máa ń wí. "Mo tò nínú òtútù. Káwọn náà lọ tò."

Mọrádékẹ́ á ní, "Dádì, ìlà tí ẹ tò sí, wọ́n ti ká a kúrò nílẹ̀. Níbo ni kí wọ́n tò sí?"

"Inú ilé ni wọ́n bí ìwọ sí. Kí lo mọ̀ nípa ìlẹ̀kùn?"

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ìlú ń ṣe àjọ̀dún Ìdúpẹ́, ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe máa ń le lọ. Mọrádékẹ́ fi tòlótòló sílẹ̀ lórí tábìlì, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde. Ìyá wọn ti kú nígbà náà, kò sẹ́ni tó máa sáré tẹ̀ lé e lọ síta láti fi ọwọ́ kan bẹ̀ ẹ́, kó fi ọwọ́ kejì gbá a létí. Òun náà rò pé inú òun á rọ̀ tó bá yá. Kó tó rọ̀, irin ti dé. Bàbá wà lọ́dọ̀ Gbádégẹṣin ní gúúsù, òun sì wà ní àríwá.

"Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Ìbídùn," ó wí nísinsìnyí.

Ìbídùn wò ó tìyanu-tìyanu. "Èmi wá ńkọ́?" ó bi í. "Ta ni yóò sin ẹ̀yin?"

Mọrádékẹ́ mọ̀ pé bí òun bá bá ọmọ yìí padà sílé, òun á máa gbọ́ "jọ̀wọ́" yẹn nínú oorun títí òun á fi kú. Ó sì mọ̀ pé ìyẹn kò tó ìdí láti fi ọmọ sílẹ̀. Ó mọ méjèèjì, kò sì sí èyí tó borí èkejì. Ó gbá Ìbídùn mọ́ra, ó gbóòórùn kẹ́míkà omi nínú irun rẹ̀, ó sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá kí ọmọ náà tó lè di òun mú. Ó yí padà, ó ki ọwọ́ bọ ihò.

Kò dùn ún lóòótọ́. Inú ihò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná aró kú lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, òkùnkùn jókòó síbẹ̀ díẹ̀, osùn sì là.

"A kí yín káàbọ̀, ìyá," ni ẹ̀rọ wí.

Irin yà, ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ sún un síwájú, dígí kan sì já wálẹ̀ láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Ìbídùn ń sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó ń fi ọwọ́ gbá dígí. Ṣùgbọ́n inú Asẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá báyìí, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti di ará òdìkejì. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ, èyí tó dé etí Mọrádékẹ́ kò ju, "Mọ́mì . . . . . . ẹ̀wù òtútù yín."

Gbádégẹṣin, tí ẹ̀rọ ẹnubodè ti pè, ń dúró dè é ní ìsàlẹ̀ afárá. Irùngbọ̀n dúdú ló ní nígbà tí Mọrádékẹ́ rí i gbẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ti funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn òyìnbó tó ń kọjá yà fún un, wọ́n ń wò. Nígbà tó dìde, kì í ṣe ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wò. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Ṣebí ohun tí Dádì ń bẹ̀ mí sí nìyẹn?"

Gbádégẹṣin ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí. "Kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún yín."

Lójú ọ̀nà, Mọrádékẹ́ ń wo ìlú tí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà á láti ọjọ́ yìí wá. Koríko ibẹ̀ kò yàtọ̀. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Lára ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ya Aláró sí àwòrán ńlá kan, eyín rẹ̀ gùn, èékánná rẹ̀ gùn, ó ń jí ọmọ lọ láti inú ilé. Mọrádékẹ́ mọ àwòrán náà. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, eyín yẹn náà ni, èékánná yẹn náà ni. Osùn ni wọ́n fi kun ọwọ́ tibẹ̀.

Bàbá Olájùyìn ti kéré lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tó máa ń kún ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ti di egungun lábẹ́ aṣọ. Ó la ojú, ó rí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ osùn tó wà lọ́rùn ọwọ́ Mọrádékẹ́ bọ́ sórí aṣọ funfun tó bo bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín náà sì kú.

"Ta ló ní kí o wá?"

"Ẹ̀yin ni, Dádì. Ẹ ní jọ̀wọ́."

"Mo ní jọ̀wọ́, má wá." Ó sinmi kó tó lè máa bọ́rọ̀ lọ. "Mo ní má sọdá. Mo ní dúró ti ọmọ rẹ. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ."

Mọrádékẹ́ wo Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin kọjú sí ògiri.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún ẹlòmíràn pé kó sọdá tàbí kó má sọdá," ó wí. "Iye èèyàn tí ìhà kọ̀ọ̀kan bá ní ni wọ́n fi ń pín agbára ní Washington. Asẹ́ kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá, yálà wá ni tàbí má wá. Mo gbìyànjú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe gbìyànjú."

Mọrádékẹ́ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ̀ ń wo òkè àjà.

"Nígbà tí mò ń dìbò yẹn," ó wí, "mo mọ ojú àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi wọ́n hàn mí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ kò sí níbẹ̀."

"Ojú yín náà kò sí nínú àwọn tèmi, Dádì."

"Ṣé o ṣì rò pé mo ṣì í ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi náà ṣì rò pé ìwọ lo ṣì í ṣe."

Ó na ọwọ́ láti inú aṣọ. Mọrádékẹ́ gbà á, ó gbé e lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà kò wúwo rárá.

"Ìbídùn ńkọ́? Ṣé ó ga?"

"Ó ga. Ó jọ Màámi nídìí ojú."

"Ó jọ ìyá rẹ?" Bàbá pa ojú dé láti wo ohun tí wọ́n sọ fún un. "Ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ló yẹ kí o wà."

Kò tún dá sí ọ̀rọ̀ ìbò mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Mọrádékẹ́ ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára bàbá náà. Ó nu ẹsẹ̀ kejì kó tó pe nọ́ọ̀sì.

Obìnrin òyìnbó kan wá sílé Gbádégẹṣin nígbà tí wọ́n ń múra ìsìnkú. Kárólì lorúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń gba àwọn ará tuntun ló ti wá, ó gbé kéèkì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dání, omi sì wà lójú rẹ̀ nígbà tó ń bá wọn kẹ́dùn. Èèyàn rere ni. Mọrádékẹ́ rí i pé èèyàn rere ni, èyí sì mú kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e burú sí i.

"Itẹ́ òkú wa, àwọn tó ti di Olósùn pátápátá nìkan ló lè wọ ibẹ̀," Kárólì wí. Ẹ̀rọ kékeré tó fi há ọrùn aṣọ ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń sọ ọ́. "Iná ọwọ́ yín ti pọ́n, ìyá, àmọ́ ẹ kò tíì ṣe Ìkọ̀sílẹ̀. Títí ẹ ó fi ṣe é, ẹnu ọ̀nà lẹ máa dúró sí."

"Kí ni wọ́n ń pè ní Ìkọ̀sílẹ̀?"

"Ẹ ó dúró síwájú kámẹ́rà, ẹ ó fẹnu ara yín sọ ìdí tí ẹ fi kúrò lọ́dọ̀ Aláró. Ẹ ó dárúkọ ẹnì kan níbẹ̀ tí ẹ kọ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì sọ ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ yín jù ni wọ́n máa ń gbà."

Gbádégẹṣin ṣubú lé ọ̀rọ̀ náà. "Ọmọ kan ṣoṣo ló ní."

"Mo mọ̀," Kárólì wí, ó fa imú. "Wọ́n máa ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Asẹ́ kò ní fọwọ́ kàn án. Ìjọba tọ̀hún fẹ́ràn irú ẹ̀, wọ́n fi ń han àwọn èèyàn wọn bí ọkàn wa ṣe dúdú tó. Tiwa náà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé lójú tiwọn, òtítọ́ lẹ sọ nípa Aláró. Ẹ má bínú, ìyá. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Nígbà tí ó lọ tán, Gbádégẹṣin ti kéèkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má ṣe é, Ẹ̀gbọ́n. Èmi yóò sin Dádì. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú, èmi á fi fóònù hàn yín."

"Fóònù ni mo fi rí i láti ọjọ́ yìí," Mọrádékẹ́ wí. "Kí ni mo wá ṣe níbí nígbà náà?"

Ó lọ. Yàrá tí wọ́n mú un wọ̀ mọ́ tónítóní, àga kan wà níbẹ̀ àti àsíá kan. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ Ìbídùn, ó ní òun kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kárólì bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ pé ìyẹn kò tó, kó sọ ohun tó burú nínú ọmọ náà. Mọrádékẹ́ ní ọmọ náà kò ní àánú. Ó ní kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó ní òun ní bàbá òun ń kú, ọmọ náà ń sọ ti ìbò tí bàbá dì. Irọ́ ló kọ́kọ́ rò pé òun ń pa. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ga, ara rẹ̀ gbóná, ó sì rí i pé òun ń bínú sí Ìbídùn ní tòótọ́, nítorí pé ó jẹ́ ọmọ òun, nítorí pé kò fipá di òun mú lórí afárá. Nígbà tí wọ́n pa iná kámẹ́rà, ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n jẹ́ kó wọ itẹ́ òkú. Ó dúró sétí ibojì, ó da yẹ̀pẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lórí, ó ní kó sùn-ún re. Àwọn ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, pé ó ṣe dáadáa.

Òun àti Gbádégẹṣin ń bọ̀ láti ibẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí fóònù Gbádégẹṣin gbọ̀n. Ó wò ó, ó fẹ́ fi pamọ́ sápò. Mọrádékẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ni?"

"Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń ní kí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ fèsì. Bí kò bá fèsì, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n fipá mú un ni."

Mọrádékẹ́ gba fóònù náà. Ìbídùn jókòó lórí àga, àsíá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan tí Mọrádékẹ́ kò mọ̀ ti bá a di irun.

"Mi ò ní ìyá," Ìbídùn wí. "Obìnrin tó bí mi fẹ́ràn òkú ju alààyè lọ. Kó má dárúkọ mi mọ́. Lọ́jọ́ tó bá kú, kí wọ́n má wá sọ fún mi. Mi ò ní wá, mi ò sì ní béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí."

Gbogbo rẹ̀ kọjá odò láìsí ibi tó já. Ọ̀rọ̀ kan kò sọnù, ẹ̀mí kan tó mí láàárín ọ̀rọ̀ kò sọnù.

Gbádégẹṣin dá mọ́tò dúró sẹ́bàá ọ̀nà. "Ẹ gbé e wá, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n pa á."

"Ìbídùn kò sùn," Mọrádékẹ́ wí. "Gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sùn láti àná."

"Ẹ gbé e wá."

"Bá mi dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Gbádégẹṣin wò ó. Lẹ́yìn náà, ó na ìka, ó dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, Mọrádékẹ́ sì gbé fóònù sún mọ́ etí.